Ní Orúkọ Ta Ni Ìbéèrè Yìí Ń Ṣiṣẹ́?

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni, ní ọwọ́ ọ̀sán, nígbà tí akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ń lo áàpù wa pè mí lórí fóònù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ìyá Akápò ni gbogbo wa ń pè wọ́n, wọn kì í sì í pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ṣí ìwé ẹ̀yáwó wa láti wo àwọn tó san owó lóṣù yìí. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ló wà lókè, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀, n kò dá ẹnì kan ṣoṣo mọ̀. Ta ni wọ́n?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ pa á dé, kí ẹ tún un ṣí." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn sì padà sójú ìwé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ọkàn tèmi kò balẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò hùmọ̀ àwọn orúkọ tí wọ́n rí náà. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mìíràn ni wọ́n, gbèsè wọn sì ti hàn sí ẹni tí kò yẹ kó rí i.

Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà sílẹ̀ ní kíkún, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ áàpù ló máa ń pààrọ̀ orúkọ tí ìbéèrè fi ń ṣiṣẹ́ lórí dátábéèsì, tí a kì í sì í bi ara wa pé ìgbà wo ni orúkọ náà yóò padà sí ti tẹ́lẹ̀, àti pé ta ni yóò dá a padà.

Ilé iṣẹ́ kékeré ni tiwa, ní Ìbàdàn. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń fi áàpù wa kọ owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó àti èlé sílẹ̀. Inú dátábéèsì PostgreSQL kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n a fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní schema tirẹ̀, èyí tí ẹ lè fojú yàrá kan wò nínú agboolé ńlá. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni àtẹ kan wà tó ń jẹ́ eyawo, òmíràn wà tó ń jẹ́ ifipamo, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní role tirẹ̀, ìyẹn orúkọ tí dátábéèsì fi mọ ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jẹ́ kí orúkọ role àti orúkọ yàrá bára mu. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò search_path padà, inú schema tó bá ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ń béèrè ni PostgreSQL máa ń kọ́kọ́ wá àtẹ sí, nítorí náà bí a bá ti pààrọ̀ orúkọ, a ti pààrọ̀ yàrá nìyẹn. Ìbéèrè kan náà, SELECT * FROM eyawo, yóò mú ìwé ẹgbẹ́ kìíní jáde bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kìíní ló béèrè, yóò sì mú ti ẹgbẹ́ kejì jáde bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kejì ni. Inú mi dùn sí ètò yìí nígbà tí mo ṣe é, mo sì gbà títí di òní pé kò burú.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí áàpù kò kúkú fi orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé ní tààràtà. Ìdí ni pé ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sí PostgreSQL jẹ́ process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kan gedegbe lórí sáfà, ó ń jẹ mẹ́mórì tirẹ̀, àti pé bí ẹ kò bá yí iye rẹ̀ padà, ìsopọ̀ 100 ni sáfà fẹ́ gbà. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá di ìsopọ̀ bíi mélòó kan mú fún ara rẹ̀, ààyè kò ní pẹ́ tán. Ohun tí a ṣe ni pé áàpù ń fi orúkọ kan ṣoṣo wọlé, èyí tí mo pè ní ibode, lẹ́yìn náà ni yóò pàṣẹ SET ROLE láti gbé orúkọ ẹgbẹ́ wọ̀ kó tó béèrè ohunkóhun, yóò sì pàṣẹ RESET ROLE láti bọ́ ọ bó bá parí.

SET ROLE kì í ṣe ìwọlé tuntun. Orúkọ méjì ni dátábéèsì ń mú lọ́wọ́ nígbà gbogbo: session_user, ìyẹn ẹni tó kan ilẹ̀kùn, àti current_user, ìyẹn ẹni tí a ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìkejì nìkan ni SET ROLE ń yí padà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gba ṣòkòtò ẹlòmíràn wọ̀, àwọn àgbà sì ti sọ nípa ṣòkòtò àgbàwọ̀ pé bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Tiwa kò fún, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣo. Ó bá wa mu rẹ́múrẹ́mú, débi pé a gbàgbé pé a gbà á wọ̀ ni.

Fún bí ọdún kan, a kò rí wàhálà kankan, torí pé ẹni tó bá mú ìsopọ̀ kan dání ló ń lò ó tán kí ẹlòmíràn tó gbà á. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wá pọ̀ sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí "sorry, too many clients already" (ìyẹn ni pé ìsopọ̀ ti pọ̀ jù) ní ìparí oṣù, nígbà tí gbogbo akápò máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láti ṣe ìṣirò. A gbé PgBouncer sáàárín áàpù àti dátábéèsì kí ìsopọ̀ díẹ̀ lè máa sin ọ̀pọ̀ ènìyàn. PgBouncer ní oríṣi ọ̀nà tó ń gbà pín ìsopọ̀. Nínú èyí tó ń jẹ́ session, ìsopọ̀ tí wọ́n fún yín, tiyín ni títí ẹ ó fi jáde. Nínú èyí tó ń jẹ́ transaction, ìgbà tí ìdì iṣẹ́ kan (àwọn àṣẹ tí a dì pọ̀ láàárín BEGIN àti COMMIT, tàbí àṣẹ kan ṣoṣo bí kò bá sí wọn) bá ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni ìsopọ̀ jẹ́ tiyín. Bó bá ti parí, wọ́n ti fún ẹlòmíràn nìyẹn. Transaction ni a yàn, torí òun ló ń dín ìsopọ̀ kù jù lọ.

Ẹni tó bá ń wọ Micra ní Ìbàdàn á mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Mókọ́lá, ẹlòmíràn á bọ́ sórí ìjókòó yín kí ẹ tó sọdá títì, ẹrù tí ẹ bá sì gbàgbé síbẹ̀, òun ló máa bá a. SET ROLE wa ni ẹrù tí a gbàgbé. Áàpù ń fi àṣẹ yẹn ránṣẹ́ lọ́tọ̀, ó sì ń fi ìbéèrè tó tẹ̀lé e ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kò sí BEGIN níwájú wọn, kò sí COMMIT lẹ́yìn wọn. Lójú PgBouncer, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ó sì lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìsopọ̀ tó bá wù ú. Bí SET ROLE ẹgbẹ́ kìíní ṣe bọ́ sórí ìsopọ̀ kan ni SET ROLE ẹgbẹ́ kejì lè bọ́ sórí ìsopọ̀ yẹn kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀lé e, kí ìbéèrè ẹgbẹ́ kìíní tó dé. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Akápò nìyẹn: ìbéèrè tó mú orúkọ ẹgbẹ́ wá sókè ojú ìwé bá ṣòkòtò tó tọ́ lára ìsopọ̀, èyí tó mú àwọn ajigbèsè wá sísàlẹ̀ bá ti ẹlòmíràn níbẹ̀. Dátábéèsì kò sì ráhùn, torí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní ẹ̀tọ́ sí yàrá yẹn lóòótọ́.

Mo sọ ọ́ báyìí bí ẹni pé mo tètè mọ̀ ọ́n. Títí di òru ni mo fi wá a. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣí ni àkọsílẹ̀ tí sáfà ń kọ, mo rò pé màá rí ẹni tó béèrè kí ni. Orúkọ ibode ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. A ti fi %u sínú log_line_prefix, ètò tó ń sọ ohun tí ìlà àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé ni %u ń kọ, kì í kọ ẹni tí SET ROLE sọ ọ́ dà. Àkọsílẹ̀ tí a rò pé ó ń ṣọ́ wa kò rí ohun tó yẹ kó rí.

Ohun tó là mí lójú kò ju ìlà kan lọ. Mo ṣí fèrèsé méjì ti psql, ibi tí a ti ń fọwọ́ tẹ àṣẹ sí PostgreSQL, méjèèjì gba ọ̀dọ̀ PgBouncer kọjá. Nínú fèrèsé kìíní mo tẹ SET ROLE egbe_a, lẹ́yìn náà mo tẹ èyí:

SELECT pg_backend_pid(), session_user, current_user;

Ó dáhùn pé 18342, ibode, egbe_a. Mo lọ sí fèrèsé kejì, mo tẹ SET ROLE egbe_b níbẹ̀, n kò ṣe nǹkan mìíràn. Mo padà sí fèrèsé kìíní, n kò fọwọ́ kan ohunkóhun ju pé mo tún ìbéèrè kan náà tẹ̀. Ó dáhùn pé 18342, ibode, egbe_b. Nọ́ńbà process náà kò yí padà, ìsopọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti wọ mí láṣọ láti inú fèrèsé tí n kò sí níbẹ̀. Mo wo ìdáhùn yẹn fún ìgbà pípẹ́. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ láti dán an wò, a sì ti fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì lo PgBouncer láì dán an wò.

A ṣe àyẹ̀wò kí a tó gbé e jáde o, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni a fi ṣe gbogbo àyẹ̀wò náà, ẹnì kan ṣoṣo sì ni wọ́n ṣe bí ẹni pé ó wọlé. Bí a kò bá yí i padà, ìsopọ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn ni PgBouncer máa ń kọ́kọ́ fún ẹni tó bá tún dé, nítorí náà nígbà tó jẹ́ àwa nìkan la wà níbẹ̀, ọwọ́ wa ni ìsopọ̀ kan náà ń padà sí, ó sì ń dà bí ẹni pé SET ROLE wa dúró. Mo tún ti fi ọkàn sí i pé PgBouncer á máa nu ìsopọ̀ mọ́ pẹ̀lú DISCARD ALL, torí mo rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ètò rẹ̀. Ọ̀nà session ni ìnùmọ́ yẹn wà fún. Nínú ọ̀nà transaction, kì í ṣe é àyàfi bí ẹ bá pàṣẹ rẹ̀ ní pàtó, èrò wọn sì ni pé ẹni tó yan ọ̀nà yìí kò gbọ́dọ̀ fi nǹkankan sílẹ̀ lórí ìsopọ̀ rárá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo dá PgBouncer padà sí session kí ìpalára lè dúró, mo sì jẹ́ kí àwọn akápò máa fara da ìdúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá lọ tún kóòdù ṣe. Àtúnṣe náà kò ju pé kí a so orúkọ mọ́ ìdì iṣẹ́, kí orúkọ náà máa bọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìdì iṣẹ́ bá parí:

BEGIN;
SET LOCAL ROLE egbe_a;
SELECT * FROM eyawo;
COMMIT;

Láàárín BEGIN àti COMMIT, PgBouncer kò lè gba ìsopọ̀ náà lọ́wọ́ yín. LOCAL sì ń mú kí orúkọ padà sí ibode bí COMMIT bá dé, bí ROLLBACK (àṣẹ tó ń fagi lé ìdì iṣẹ́) bá dé, tàbí bí iná bá lọ lórí ẹ̀rọ áàpù láàárín. Kò sí ẹni tó ní láti rántí. Gbogbo RESET ROLE tí a ti kọ káàkiri kóòdù wa ni mo yọ dànù, mo sì rí ibi mẹ́rin tó jẹ́ pé bí àṣìṣe kan bá ṣẹlẹ̀ kí kóòdù tó dé ibẹ̀, RESET náà kò ní wáyé láéláé. Ìyẹn ni pé bí PgBouncer kò tilẹ̀ sí, a ti ń gbé ewu kan náà kiri tẹ́lẹ̀.

Ó ku ibì kan tí mo tún ti ṣubú. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà LOCAL nìkan ni mo fi kún un ní ojú ìwé kan, mo gbàgbé BEGIN. Bí ẹ bá pàṣẹ SET LOCAL níta ìdì iṣẹ́, PostgreSQL kì í kọ̀. Ìkìlọ̀ lásán ló máa ń ṣe, àṣẹ náà kò sì ní ṣiṣẹ́. Library (àkójọ kóòdù) tí áàpù wa fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ kò gbé ìkìlọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Orí ló yọ mí, torí ibode kò ní yàrá kankan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí náà ìbéèrè tó tẹ̀lé e pariwo pé relation "eyawo" does not exist, ìyẹn ni pé kò rí àtẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ariwo yẹn. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ ìfúnni-lórúkọ ti wà lọ́wọ́ function (ẹyọ kóòdù tí à ń pè ní orúkọ) kan ṣoṣo nínú kóòdù wa, òun ló ń ṣí ìdì iṣẹ́, òun ló ń sọ orúkọ, òun ló ń tì í. Ẹni tó bá fẹ́ bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà. Inú function yẹn náà ni mo ti lo set_config('role', $1, true), tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú SET LOCAL ROLE, dípò kí a máa so orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ gbólóhùn SET pẹ̀lú ọwọ́, nítorí SET kì í gba parameter (ohun tí a fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sí àṣẹ, bíi $1 yẹn), ọ̀rọ̀ tí a bá sì fọwọ́ so mọ́ àṣẹ lè gbé ohun tí kò dára wọlé.

Ó tún yẹ kí n sọ ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí a bo nǹkankan mọ́lẹ̀, mo sì ń yẹ́ wọn sí fún un. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023, sọ pé bí irú ìtújáde báyìí bá lè ṣe ìpalára fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ni dátà náà, àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tí a bá ti mọ̀. A kọ̀wé. A sì lọ bá ẹgbẹ́ tí gbèsè wọn hàn náà lójúkojú, èmi ni mo ṣàlàyé. Alága wọn béèrè ìbéèrè kan tí n kò gbàgbé: "Ẹ̀yin tó ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá, ta ló ń ṣọ́ ẹ̀yin?" Mo dáhùn ohun tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo mú ìbéèrè náà délé.

Òun ló mú mi yẹ ibode wò. Mo ti fi ibode ṣe ọmọ ẹgbẹ́ gbogbo role kí ó lè máa gbé wọn wọ̀, ṣùgbọ́n ní PostgreSQL, ọmọ ẹgbẹ́ máa ń jogún ẹ̀tọ́ bí a kò bá sọ pé kó má jogún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibode kò nílò SET ROLE kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ egbe_a.eyawo ní kíkún, ìwé náà yóò ṣí. Mo sọ ọ́ di NOINHERIT, ẹni tí kì í jogún. Láti ẹ̀dà 16, a tilẹ̀ lè kọ ọ́ sínú GRANT, àṣẹ tó ń sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́, fúnra rẹ̀ pé kó ní ẹ̀tọ́ láti gbé orúkọ wọ̀, kó má jogún ohunkóhun. Báyìí, ibode tí kò wọ aṣọ ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kan ohunkóhun, bó sì ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé SET ROLE jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá rí ọ̀nà fi àṣẹ tirẹ̀ sínú ìbéèrè yín lè kọ RESET ROLE síwájú rẹ̀, yóò padà di ibode, yóò sì gbé orúkọ tó bá wù ú wọ̀. Parameter nìkan ni kóòdù wa fi ń gba ohun tí olùmúlò bá tẹ̀, lórí èyí n kì í gba àwáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ìbáà jẹ́ ọmọ-iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tún pọ̀ sí i, fífi òpó kan kún àtẹ kan wá di iṣẹ́ òru, torí inú yàrá kọ̀ọ̀kan la ní láti ti ṣe é. A kó gbogbo ìwé ẹ̀yáwó sínú àtẹ kan, ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹgbẹ́ tó ni ín, a sì fi òfin row level security, tó ti wà nínú PostgreSQL láti ẹ̀dà 9.5, sọ ẹni tó lè rí ìlà wo. Orúkọ tí à ń pààrọ̀ kì í wá ṣe role mọ́, ó di app.egbe, nọ́ńbà tí set_config ń gbé kalẹ̀ fún ìdì iṣẹ́ kan. Mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Mo kọ òfin náà, mo ṣe àyẹ̀wò, gbogbo ìlà gbogbo ẹgbẹ́ ló jáde.

Orúkọ postgres ni mo fi wọlé, superuser (ẹni tó ní gbogbo ẹ̀tọ́) sì ni, òfin yìí kò kan superuser rárá. Mo lo SET ROLE láti di ẹni tó ni àtẹ náà, gbogbo rẹ̀ tún jáde, nítorí òfin kò kan ẹni tó ni àtẹ àyàfi bí a bá fi FORCE ROW LEVEL SECURITY sí i. Ohun tó tún ń tan ènìyàn jẹ ni pé àmì # tí psql fi ń sọ pé superuser ni yín máa ń di > bí SET ROLE bá sọ yín di ẹni tí kì í ṣe superuser, ṣùgbọ́n kì í sọ orúkọ tí ẹ gbé wọ̀; ẹ kò lè fojú wo ibi tí ẹ ń tẹ̀wé sí kí ẹ mọ ẹni tí ẹ jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni mo kan view, ìyẹn ìbéèrè tí a fi pa mọ́ lórúkọ bí ẹni pé àtẹ ni. A ní view kan tó ń ṣe àkópọ̀ gbèsè, ẹ̀tọ́ ẹni tó ni view ló sì fi ń ka àtẹ, kì í fi ti ẹni tó ń béèrè, nítorí náà ó ń rí ohun gbogbo. Láti ẹ̀dà 15 ni a ti lè fi security_invoker sí view kó máa lo ẹ̀tọ́ ẹni tó pè é. Bí mi ò bá lọ wo view yẹn, ohun tó dé bá Ìyá Akápò ì bá tún ṣẹlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó gba odidi ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Lórí ìsopọ̀ tuntun tí kò tíì gbọ́ app.egbe rí, current_setting('app.egbe', true) máa ń dá NULL (kò sí nǹkankan) padà. Lórí ìsopọ̀ tí ẹnì kan ti fi app.egbe ṣiṣẹ́ tán nínú ìdì iṣẹ́ kan, kì í padà di NULL, ọ̀rọ̀ òfìfo ló ń dá padà, bí a bá sì fẹ́ sọ òfìfo di nọ́ńbà, àṣìṣe ni. Nítorí náà àwọn ìbéèrè kan ń kú lórí ìsopọ̀ àtijọ́, wọn kì í kú lórí tuntun, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí. Bí òfin wa ṣe rí báyìí nìyí:

USING (egbe_id = nullif(current_setting('app.egbe', true), '')::bigint)

Pẹ̀lú èyí, ẹni tí kò bá sọ orúkọ rẹ̀ kò rí ìlà kankan, ìsopọ̀ ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ àtijọ́.

Mo tún ṣe àtẹ kan tó ń kọ ẹni tó yí ìwé padà sílẹ̀, nítorí ìbéèrè alága yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Mo fi trigger ṣe é, ìyẹn function tí dátábéèsì ń pè fúnra rẹ̀ bí ìwé bá yí padà, mo sì fún function rẹ̀ ní SECURITY DEFINER, tó ń mú kó fi ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ín ṣiṣẹ́, kí àwọn role kéékèèké má baà lè fọwọ́ kan àtẹ náà ní tààràtà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ wò ó: orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo ìlà, orúkọ ẹni tó ni function náà. SECURITY DEFINER fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpààrọ̀ orúkọ. Bí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀, current_user ti di ẹlòmíràn. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ la wá ń gbé kalẹ̀ pẹ̀lú set_config, òun ni trigger ń kọ sílẹ̀. Mo sì fi SET search_path sára function náà, kí ẹni tó bá pè é má lè tọ́ka rẹ̀ sí àtẹ ayédèrú tó ṣe síbòmíràn.

Oníbàárà kan tó ń lo SQL Server, dátábéèsì Microsoft, ti gbà mí síṣẹ́ láti ìgbà náà. Ibẹ̀, EXECUTE AS ni wọ́n fi ń gbé orúkọ wọ̀, láti ẹ̀dà 2005, REVERT sì ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Wọ́n ń to ara wọn lé ara wọn ni: bí ẹ bá gbé orúkọ wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó bọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni cookie, bíi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún ẹni tó gbé orúkọ wọ̀. Bí áàpù bá gbé orúkọ wọ̀ pẹ̀lú WITH COOKIE, ẹni tí kò ní cookie náà lọ́wọ́ kò lè bọ́ ọ, ìyẹn ohun tí SET ROLE ti PostgreSQL kò ní. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n nígbà tí mo débẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ORIGINAL_LOGIN() (ẹni tó wọlé) àti USER_NAME() (ẹni tí à ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́) hàn mí lórí ìsopọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Wọn kò béèrè rẹ̀ rí.

Àyẹ̀wò tí à ń ṣe lálaalẹ́ nísinsìnyí kò fi ẹgbẹ́ kan ṣoṣo wọlé mọ́. Ẹgbẹ́ 50 ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn gba ọ̀dọ̀ PgBouncer kọjá, ìsopọ̀ márùn-ún péré la fi sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè máa fi èjìká gbá ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ka ìwé rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bó bá rí ìlà kan ṣoṣo tí kì í ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ wa ọjọ́ kejì kò ní jáde.

Ọjọ́ tí a dá PgBouncer padà sí transaction, mo fi ìparí oṣù ṣe é, mo sì bẹ Ìyá Akápò pé kí wọ́n bá mi ṣí ìwé ẹ̀yáwó wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá nígbà tí èrò bá pọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kí n máa ka orúkọ fún ọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, bí kò bá ní ṣe wọ́n ní ìnira. Wọ́n kà á lórí fóònù, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn, bí olùkọ́ ṣe ń ka ìwé ìpèsí lówùúrọ̀, mo sì ń fi ìka tọ́ wọn lójú kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n dánu dúró, mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìwé lẹ́jà tí wọ́n fọwọ́ kọ. "Mẹ́tàdínláàádọ́ta," ni wọ́n wí. "Tèmi náà, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Dúró, jẹ́ kí n tún un ṣí."